Lon Chaney

Lon Chaney (orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Leonidas Frank Chaney, a bí i ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1883, ó sì kú ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1930) jẹ́ òṣèré ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí ó lókìkí ní àsìkò tí sinimá kò tíì ní ohùn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣe ojú, imú, eyín àti iké tí ó fi ń para dà nínú eré, bẹ́ẹ̀ ni kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan láti kọ́ iṣẹ́ náà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ọkùnrin Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ojú.

Ìgbà èwe

Ìlú Colorado Springs ní ìpínlẹ̀ Colorado ni wọ́n bí Chaney sí. Adití ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Bàbá ìyá rẹ̀, Jonathan Kennedy, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 1874. Láti kékeré ni Chaney ti ń fi ọwọ́ àti ojú bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òwe Yorùbá tí ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà bá ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà mu gan-an. Nígbà tí àìsàn làkúrègbé dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, ọmọ náà fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ó bá rí nígboro ni ó máa ń fi ara ṣàpèjúwe fún un, títí kan ìrìn àti ìṣesí àwọn aládùúgbò wọn.

Láti orí ìtàgé dé inú sinimá

Ní ọdún 1902 ni Chaney bẹ̀rẹ̀ eré orí ìtàgé, ó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ eléré kiri láti ìlú dé ìlú. Ní ọdún 1905, ó gbé akọrin kan tí ń jẹ́ Cleva Creighton níyàwó, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan ní ọdún 1906. Ìgbéyàwó náà kò tòrò. Ní oṣù kẹrin ọdún 1913, Cleva gbé májèlé mu nínú ilé eré kan ní Los Angeles níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kò kú, ṣùgbọ́n májèlé náà ba ohùn orin rẹ̀ jẹ́. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀, àbùkù ọ̀rọ̀ náà sì lé Chaney kúrò lórí ìtàgé. Ó wá iṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ sinimá Universal. Ní ọdún 1915, ó fẹ́ Hazel Hastings, ẹni tí wọ́n jọ gbé títí ó fi kú.

Bí ó ṣe kọ́ iṣẹ́ ìparadà

Nígbà náà, òṣèré kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń kun ojú ara rẹ̀. Chaney kò ní orúkọ, ipa kéékèèké ni ó sì ń rí. Ó ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó bá lè di arúgbó lónìí, kí ó sì di ọmọ ìta lọ́la, kò ní wá iṣẹ́ tì. Nítorí náà, ó fi dígí ṣe olùkọ́, ó sì fi ojú ara rẹ̀ ṣe ohun ìdánwò.

Àwọn ohun tí ó ń lò kò ju èyí tí a lè rí ní ṣọ́ọ̀bù apòògùn tàbí nínú ẹrù àwọn eléré lọ: ọ̀dà ìkunjú, òwú, gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ irùngbọ̀n, wáyà, awọ ẹja, irun àti eyín àtọwọ́dá. Ó tún ń lo collodion, omi kan tí a máa ń kùn sára, tí yóò gbẹ, tí yóò sì fa awọ jọ bí àpá ọgbẹ́. Bí ó bá fẹ́ kí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ síta, a lẹ òwú mọ́ ọn, a sì fi collodion kùn ún lórí. Ó ní láti mọ bí fíìmù ìgbà náà ṣe ń rí àwọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé pupa a máa yọ bí dúdú nínú rẹ̀. Àwọ̀ tí ó ṣú ni ó fi ń mú kí ibì kan lójú rì, èyí tí ó mọ́lẹ̀ ni ó sì fi ń gbé ibòmíràn yọ.

Àwọn ipa tí ó sọ ọ́ di olókìkí

Sinimá The Miracle Man (1919) ni ó kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Nínú rẹ̀, ó ṣe ẹlẹ́tàn tí ń díbọ́n pé òun yarọ. Nínú The Penalty (1920), ó ṣe ọ̀gá ọ̀daràn tí kò ní ẹsẹ̀. Ó fi awọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn itan, ó sì ń fi eékún rìn pẹ̀lú ọ̀pá. Ìrora náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè wà nínú ìdè yìí ju ìgbà díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọdún 1923, ó ṣe Quasimodo, abuké tí ń lu agogo ìjọ, nínú The Hunchback of Notre Dame. Àwọn ènìyàn bu kún ìwọ̀n iké tí ó gbé nínú eré náà nígbà tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀. Èyí tí ó mú Quasimodo wọ àwọn òǹwòran lọ́kàn ni pé ìyà àti ìfẹ́ ṣì hàn ní ojú tí ó ti bà jẹ́ náà. Nínú The Phantom of the Opera (1925), ó na imú rẹ̀ sókè, ó sì kun ihò rẹ̀ ní dúdú kí orí rẹ̀ lè jọ agbárí òkú. Ilé iṣẹ́ Universal kò jẹ́ kí ojú náà hàn nínú àwòrán ìpolówó kí sinimá tó jáde.

Ó tún bá olùdarí Tod Browning ṣe sinimá mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú wọn, London After Midnight (1927), ti sọnù.

Ohùn àti ikú

Nígbà tí encyclopedia Britannica ṣe ẹ̀dà kẹrìnlá rẹ̀ ní ọdún 1929, Chaney ni wọ́n ní kí ó kọ̀wé lórí ìparadà nínú rẹ̀. Ní àsìkò yìí, sinimá elóhùn ti dé, ó sì pẹ́ kí Chaney tó gbà láti sọ̀rọ̀ nínú ọ̀kan. Nígbà tí ó tún The Unholy Three ṣe ní ọdún 1930, ó lo ohùn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì búra nínú ìwé pé òun ni òun ni gbogbo wọn.

Sinimá elóhùn kan ṣoṣo tí ó ṣe nìyí. Àrùn jẹjẹrẹ ti mú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ kọ̀ láti gbé ọ̀rọ̀ jáde mọ́, èdè ọwọ́ tí ó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni ó padà sí. Ó kú ní Los Angeles ní ẹni ọdún 47, wọ́n sì sin ín sí Glendale, nínú ibojì tí a kò kọ orúkọ sí.

Ogún rẹ̀

Àpótí tí Chaney ń kó irinṣẹ́ ìparadà rẹ̀ sí wà ní ọwọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Los Angeles. Ọmọ rẹ̀, tí ó wá ń jẹ́ Lon Chaney Kékeré, ṣe The Wolf Man ní ọdún 1941, ṣùgbọ́n Jack Pierce ni ó kun ojú rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ àwọn òṣèré fúnra wọn. Ní ọdún 1957, James Cagney ṣe Chaney nínú sinimá tí ó dá lórí ìgbésí ayé rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà sì gbé àwòrán rẹ̀ sórí òǹtẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ ní ọdún 1994.

Ìparadà kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí egúngún, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti eré Aláàrìnjó ti wà ṣáájú sinimá. Lóde òní, latex àti silicone ti gba ipò òwú àti collodion lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ọgbẹ́ àti arúgbó fún sinimá Nollywood. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń fi iṣẹ́ náà ṣe ìgbafẹ́, láti Lekki dé Ajah ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni ó ń kọ́ ọ bí Chaney ṣe kọ́ ọ: níwájú dígí, lórí ojú ara wọn.