Nicolas-Théodore de Saussure

Nicolas-Théodore de Saussure (14 Oṣù Kẹwàá 1767 – 18 Oṣù Kẹrin 1845) jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì àti onímọ̀ ewéko, ọmọ bíbí ìlú Geneva ní orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Swítsàlandì lónìí. Ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọn iye kábọ́nì tí ewéko ń gbà láti inú afẹ́fẹ́, iye tí ó ń pa mọ́ sí ara rẹ̀, àti iye tí ó ń tú sílẹ̀ padà. Púpọ̀ nínú ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń ṣe lónìí nípa kábọ́nì inú igbó ni a lè tọ ipa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewéko díẹ̀ nínú ìgò ni ó ń wọ̀n, kì í ṣe odidi igbó.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Inú ìdílé ọlọ́rọ̀ tí ó tún jẹ́ ìdílé ọ̀mọ̀wé ni a bí i sí. Bàbá rẹ̀, Horace-Bénédict de Saussure, ni gbajúmọ̀ onímọ̀ nípa òkúta àti òkè, ẹni tí ó gun òkè Mont Blanc ní 1787 láti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Albertine Necker de Saussure, di òǹkọ̀wé pàtàkì lórí ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ. Kò yẹ kí a ṣi òun àti Ferdinand de Saussure mú fún ara wọn: Ferdinand, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ bí ẹní mowó, jẹ́ ọmọ ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin.

Ní 1788 bàbá àti ọmọ pàgọ́ sí Col du Géant, níbi tí ó ga ju mítà 3,300 lọ, wọ́n sì gbé orí yìnyín náà fún ohun tí ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ ìwọ̀n ni wọ́n bá lọ: ooru, ọ̀rinrin, ìwúwo afẹ́fẹ́. Lórí irú àwọn òkè bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti kọ́ bí a ti ń wọn ohun tí ojú kò rí, ẹ̀kọ́ yìí ni ó sì lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn Ìyípadà Ìjọba Faransé tàn dé Geneva, ọrọ̀ ìdílé náà dínkù gan-an, àrùn rọpárọsẹ̀ sì kọlu bàbá rẹ̀. De Saussure lo ìgbà díẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó padà sílé. Bàbá rẹ̀ kú ní 1799.

Níbo ni igi ti ń rí ara rẹ̀?

Ìbéèrè tí ó gbà á lọ́kàn kì í ṣe tuntun. Ìwé Jan Baptist van Helmont, tí a tẹ̀ jáde ní 1648 lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ ìtàn igi kan tí ó gbìn sínú ìkòkò, tí ó sì ń bomi rin fún ọdún márùn-ún. Igi náà tóbi, erùpẹ̀ inú ìkòkò kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dínkù, van Helmont bá parí èrò sí pé omi nìkan ni ó di igi. Joseph Priestley fi hàn lẹ́yìn náà pé ewéko a máa tún afẹ́fẹ́ tí ó bàjẹ́ ṣe. Ní 1779 Jan Ingenhousz fi hàn pé inú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Jean Senebier, tí òun náà jẹ́ ará Geneva, sì so ó mọ́ kábọ́nì dáyọ́ksáídì.

Síbẹ̀, àríyànjiyàn kò tán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ilẹ̀dú, ìyẹn ilẹ̀ tí ewé jíjẹrà ti di dúdú, ni gbòǹgbò ti ń fa kábọ́nì tí ó di igi. Ó jọ òótọ́, nítorí gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé ilẹ̀ dúdú ni irúgbìn ti ń ṣe dáadáa. Ohun tí ó kù ni kí ẹnìkan gbé òṣùwọ̀n wá.

Ìdánwò inú ìgò

De Saussure gbé e wá. Ó tẹ iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1797, ó sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá rẹ̀, Recherches chimiques sur la végétation, ní 1804.

Nínú ìdánwò tí a mọ̀ jù lọ, ó kó ewéko méje (Vinca minor, ewéko kékeré tí ń rá nílẹ̀) sínú ìgò tí a dí pa. Nínú afẹ́fẹ́ ìgò náà, kábọ́nì dáyọ́ksáídì jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ọjọ́ mẹ́fà ó ń gbé e sí oòrùn láràárọ̀. Nígbà tí ó wọn afẹ́fẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo kábọ́nì dáyọ́ksáídì náà, kúbíkì sẹ̀ǹtímítà 431, ti lọ, ọ́ksíjìn sì ti fi 292 pọ̀ sí i.

Ẹlòmíràn ì bá dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó pòórá kò tíì fi ibi tí kábọ́nì lọ hàn. Nítorí náà ni ó ṣe mú ewéko méje mìíràn tí ó dọ́gba pẹ̀lú àwọn ti ìgò ní ìwúwo, ó gbẹ wọ́n, ó sì sun wọ́n di èédú. Mílígíráàmù 528 ni èédú wọn. Ó ṣe bákan náà fún àwọn tí ó ti inú ìgò jáde, èédú tiwọn sì jẹ́ 649. Kábọ́nì tí ó kúrò nínú afẹ́fẹ́ ti wà nínú ara ewéko. Fún ìdánilójú, ó tún fi òkúta ẹfun sísun fa kábọ́nì dáyọ́ksáídì kúrò nínú ìgò àwọn ewéko mìíràn. Bí wọ́n tilẹ̀ wà nínú oòrùn, ewé wọn rẹ̀ dànù.

Ó ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé ìwúwo tí ewéko fi ń pọ̀ sí i ju ti kábọ́nì nìkan lọ, ó sì fi yé àwọn ènìyàn pé omi náà ń di apá kan ara ewéko. Van Helmont kò jẹ̀bi tán. Ní ti ilẹ̀dú, ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé ohun tí ewéko ń fà láti inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogún ìwúwo gbígbẹ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò fojú tẹ́ńbẹ́lú díẹ̀ náà: ó wọn eérú oríṣiríṣi igi, ó sì rí i pé àwọn iyọ̀ inú ilẹ̀ ṣe kókó, pé gbòǹgbò kì í sì í fa gbogbo wọn bákan náà.

Ohun tí ń padà sínú afẹ́fẹ́

Apá yìí nínú iṣẹ́ rẹ̀ kì í sábà gba ìyìn tí ó tọ́ sí i. De Saussure rí i pé ewéko ń gba ọ́ksíjìn, ó sì ń tú kábọ́nì dáyọ́ksáídì jáde ní òru, àti pé gbòǹgbò, òdòdó àti èso ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ó kó ilẹ̀dú tútù àti igi tí ó ti kú sínú ìgò, ó sì rí i pé àwọn náà ń lo ọ́ksíjìn, tí wọ́n sì ń tú kábọ́nì dáyọ́ksáídì jáde. Igi tí ó wó lulẹ̀, tí ó ń jẹrà, ń dá ohun tí ó ti kó jọ padà díẹ̀díẹ̀.

Ó tún wọn kábọ́nì dáyọ́ksáídì inú afẹ́fẹ́ gbangba ní Chambésy, lẹ́bàá adágún Geneva. Ìgò gíláàsì ńlá ni ó ń lò: yóò da omi bárítà sínú rẹ̀, yóò mì í, yóò sì wọn gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ funfun tí ó bá sílẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ní 1830 ni pé ó jẹ́ 4.15 nínú afẹ́fẹ́ 10,000, pé ó ń pọ̀ ní òru ju ọ̀sán lọ, ó sì ń pọ̀ lórí ilẹ̀ ju orí adágún lọ. Iye náà ga jù. Afẹ́fẹ́ àtijọ́ tí a rí nínú yìnyín fi hàn pé kò tó 3 nígbà náà. Ìyàtọ̀ òru àti ọ̀sán ni kò ṣì. Charles David Keeling bá irú rẹ̀ pàdé nínú àwọn igbó ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n tirẹ̀ ní òkè Mauna Loa ní 1958.

Ìgbẹ̀yìn ayé

Akadẹ́mì Geneva fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1802, ṣùgbọ́n ti ìmọ̀ òkúta àti ilẹ̀ ni, kì í ṣe ti ewéko tí ó mọ̀ jù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọ́ni. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, tí ó fẹ́ràn yàrá ìwádìí rẹ̀ ju àwùjọ lọ. Ó tún ṣiṣẹ́ lórí ọtí líle, lórí bí ohun oníṣítáàṣì ṣe ń di ṣúgà, àti lórí híhù irúgbìn. Wọ́n túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí èdè Jámánì ní 1805, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ pé ilẹ̀dú ni ń bọ́ igi kò kúrò nílẹ̀ títí di ìgbà tí Justus von Liebig kọjú ìjà sí i ní 1840, tí ó sì fi àwọn iye tí de Saussure wọ̀n ṣe ẹ̀rí.

Ó kú ní Geneva ní 1845. Ọ̀wọ́ ewéko tí à ń pè ní Saussurea, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń hù lórí òkè gíga, ń jẹ́ orúkọ òun àti bàbá rẹ̀. Àwọn tí ń ṣírò kábọ́nì inú igbó lónìí ń wọn ìpọ̀n igi, wọ́n sì ń ka nǹkan bí ìdajì ìwúwo gbígbẹ rẹ̀ sí kábọ́nì. Bí wọ́n bá sì fẹ́ mọ iye tí ilẹ̀ igbó ń tú sílẹ̀, wọn a da àpótí bo ilẹ̀ náà, wọn a wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn a sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀.