Ìyá Àwọn Ọmọ ní Kúdẹtì: Ìtàn Anna Hinderer

Ẹ̀nyin ará nínú Olúwa, àti ẹ̀nyin olùkọ́ ọmọdé pàápàá, ìtàn tí mo fẹ́ sọ li oṣù yi, ìtàn obìrin kan ni tí ó fi ilé ara rẹ̀ ṣe ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ Anna Hinderer, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìà ni ó mọ bí ilé náà ti rí, àti ohun tí ó ná a kí ó má bà ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ síta.

A bí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta, ọdún 1827, ní Hempnall, ìletò kan ní ilẹ̀ Norfolk ní Gẹ̀ẹ́sì. Anna Martin ni orúkọ rẹ̀ nígbànà. Ọmọ ọdún márun ni í ṣe nígbàtí ìyá rẹ̀ fi aiyé sílẹ̀. Ọmọ tí kò ní ìyá kì í gbàgbé ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀; bóyá nítorí èyí ni ọkàn rẹ̀ fi máa ńfà sí àwọn ọmọ tí kò ní alábojútó. Ní ọdún 1839 ó lọ gbé ní Lowestoft, ìlú kan létí òkun, lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà. Níbẹ̀ ni Alùfáà ìjọ, Francis Cunningham, àti Richenda aya rẹ̀, gbé fà á mọ́ra bí ọmọ inú ilé wọn. Ọmọdé ni òun tìkararẹ̀ ṣì ńṣe nígbàtí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọ aláìní jọ li Ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ tí aṣọ wọn ti ya, tí ó ńkọ́ wọn li ẹ̀kọ́ Bíbélì.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwá, ọdún 1852, ó di aya Alùfáà David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ẹni tí Ẹgbẹ́ C.M.S. rán wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Hinderer ti fi ẹsẹ̀ tẹ Ìbàdàn li ọdún 1851, ó sì ti pinnu pé ibẹ̀ ni òun yió gbé ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́rin kò pé lẹ́hìn ìgbéyàwó tí ìyàwó titun náà fi gúnlẹ̀ sí Èkó. Ibà mú u ní Abẹ́òkúta, ó sì dá a dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú u yí ọkàn padà. Ní òpin oṣù kẹrin, ọdún 1853, nwọ́n wọ ìlú Ìbàdàn. Daniel Olúbí wà pẹ̀lú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gbá kan tí ó ti kọ òrìṣà sílẹ̀, tí ó sì di onígbàgbọ́.

Olúnlọ́yọ̀ọ́, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ìlú, ni ó kọ́kọ́ fi ọmọ lé wọn lọ́wọ́: Yejídé, ọmọbìrin, àti Akínyẹlé, ọmọkùnrin. Ẹ má ṣe rò pé ohun kékeré ni èyí. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn nígbànà, idà àti ìbọn ni ọ̀nà ọlá. Àwọn òbí ńbẹ̀rù pé ìwé yió sọ ọmọ wọn di ojo. Bí ọmọ bá sì fi oko àti ọjà sílẹ̀ láti wá jókó ti ìwé, tani yió bá ìyá rẹ̀ rẹrù? Nítorínà díẹ̀díẹ̀ ni nwọ́n ńwá. Ìjòyè tí ó fi ọmọkùnrin àti ọmọbìrin rẹ̀ sílẹ̀ li ẹ̀ẹ̀kan náà, ọ̀nà ni ó là fún àwọn ẹlòmíràn.

Kúdẹtì ni nwọ́n kọ́ ilé ìsìn àti ilé ìgbé wọn sí. Àwọn ọmọ kan ńti ilé òbí wọn wá li òwúrọ̀, nwọn a sì padà li ọ̀sán. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé inú ilé náà ni nwọ́n ńsùn, tí nwọ́n ńjẹ, tí nwọ́n ńmu. Nínú àwọn wọ̀nyí ni ọmọ ìjòyè wà. Nínú wọn ni ọmọ tí a kó li ogun wà, tí a fi owó ẹyọ rà padà kúrò li oko ẹrú. Ẹni kan kò ju ẹnìkejì lọ nídi àwo oúnjẹ. Ọmọkùnrin àti ọmọbìrin jọ ńkọ́ A B D, nwọ́n jọ ńka Ìwé Mímọ́ li èdè Yorùbá, nwọ́n sì jọ ńkọ orin. Anna ńkọ́ wọn ní ìránṣọ, òun tìkararẹ̀ a sì máa rán aṣọ tí nwọn yió wọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná li òru, òun ni ó ńjókó tì í. Kò bí ọmọ kankan, ṣùgbọ́n Ìyá ni gbogbo ilé ńpè é, Ìyá náà ni àwọn ará àdúgbò sì ńpè é.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni Ògúnyọmí, ọmọbìrin kékeré tí ogun ti yà kúrò lára ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ọmọ náà gbọ́ ohùn obìrin kan níta, ó sì mọ̀ ọ́n lójúkanáà pé ohùn ìyá òun ni. Ẹrú ni ìyá náà ńṣe nínú ìlú náà, kò sì mọ̀ pé ọmọ òun ḿbẹ láàyè. Ẹ̀nyin tí ẹ ní ọmọ, ẹ ó mọ irú ẹkún tí nwọ́n sun. Lẹ́hìn náà ni Hinderer àti aya rẹ̀ ra ìyá náà padà, ó sì wá bá ọmọ rẹ̀ gbé. Nínú ilé ẹ̀kọ́ bí èyí, ẹ̀kọ́ ìwé nìkan kọ́ ni olùkọ́ ńfi fún ọmọ.

Kì í ṣe pé gbogbo nkan ńlọ bí a ti fẹ́. Nígbàtí àwọn kan nínú ìlú bẹ̀rẹ̀ sí yípadà, àwọn ará ilé wọn dìde sí wọn. A na àwọn ẹlòmíràn, a sì so àwọn ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ nínú ilé. Àwọn òbí kan wá mú ọmọ wọn lọ, ilé ẹ̀kọ́ a sì dín kù. Síbẹ̀ àwọn mìíràn ńwá. Ní ọdún 1858 Henry Johnson kó ẹbí rẹ̀ wá sí Ìbàdàn láti ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́, Samuel ọmọ rẹ̀ sì di ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yi.

Nígbànà ni ìdánwò ńlá dé. Ní ọdún 1860, ogun Ìjàyè bẹ́. Ìbàdàn dojú ìjà kọ Kúrunmí ti Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá gbè lẹ́hìn Ìjàyè, àwọn Ìjẹ̀bú pẹ̀lú sì di ọ̀nà. Ìjàyè ṣubú li ọdún 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà Èkó kò là. Nkan bí ọdún márun ni ìhámọ́ náà gbà. Owó kò dé, oògùn kò dé, lẹ́tà pàápàá ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀wà àti àgbàdo ni nwọ́n ńjẹ, a sì máa wọ̀n ọ́n wò kí ó má bà tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Nwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta ohun ìní wọn: àwo, aṣọ, àní páánù tí a fi tẹ́ inú àpótí. Bẹ́ẹ̀ ni nwọ́n ńṣe kí nwọ́n lè rí owó ẹyọ ra oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ó wà níwájú obìrin yi. Bí ó bá tú àwọn ọmọ ká, oúnjẹ tí ó kù yió tó òun àti ọkọ rẹ̀. Ta ni ìbá dá a lẹ́bi? Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn ọmọ náà yió gbà? Ọmọ tí a rà padà kò ní ilé tí yió padà sí. Ọmọ tí ó bá sì dá rìn li ọ̀nà li àkókò ogun, ọjà ẹrú ni yió bá ara rẹ̀. Anna kò tú wọn ká. Kékeré tí ó wà, òun ni nwọ́n pín. Àìsàn àti ebi bà á li ara jẹ́ tóbẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ kò fi tún padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kò tú.

Ní ọdún 1865 Glover, aláṣẹ ìlú Èkó, rán Captain Maxwell àti àwọn ọmọ ogun díẹ̀ gba inú igbó wá láti gbà wọ́n. Li òru ni nwọ́n dé, Anna sì ní láti múra kíákíá, nítorí ẹ̀mí rẹ̀ kò dánilójú mọ́. Hinderer dúró díẹ̀ sí i kí ó lè fi iṣẹ́ lé àwọn ará lọ́wọ́. Àyè kò sí fún ìdágbére gígùn. Ẹkún àwọn ọmọ ni ó sin ín jáde li ẹnu ọ̀nà, òun pẹ̀lú sì ńsunkún. Ó dé Èkó li àlàáfíà, ó sì lọ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Nwọ́n tún padà wá sí Ìbàdàn lẹ́hìn èyí. Àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀ ti dàgbà, àwọn mìíràn sì ti ní ilé ara wọn. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1869 nwọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀, ó sì kú ní Martham, ní ilẹ̀ Norfolk, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, ọdún 1870. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni í ṣe.

Kíni ó kù? Daniel Olúbí di díákónì li ọdún 1871, ó sì ṣe olórí iṣẹ́ ìjọ ní Ìbàdàn títí di ọjọ́ ogbó. Ó kú li ọdún 1912. Samuel Johnson di Alùfáà, òun ni ó sì kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí a tẹ̀ li ọdún 1921, ìwé tí ó fi ṣe ọ̀wọ̀ fún David Hinderer olùkọ́ rẹ̀. Ní Kúdẹtì náà ni a dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìrin sílẹ̀ li ọdún 1899, èyí tí a so pọ̀ mọ́ ti Èkó li ọdún 1950 tí ó di St. Anne's.

Òtítọ́ ni pé àlejò ni Anna láàrin wa, kì í sì í ṣe gbogbo àṣà wa ni ó lóye. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò ṣòro fún un láti lóye: pé ọmọ tí a gbà sínú ilé, ọmọ ilé ni. Ilé titun dára, ìwé titun dára, owó oṣù tí kò pẹ́ sì dára jù; a kò sì gbọ́dọ̀ dá olùkọ́ tí ó bèèrè wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀nyin olùkọ́, nígbàtí ọ̀nà bá dí, tí àgbàdo bá ńtán nínú agbọ̀n, àwọn ọmọ tí ó sùn sínú ilé wa yió máa wo ojú wa. Kí Olúwa kí ó jẹ́ kí nwọ́n rí ìyá àti bàbá níbẹ̀.