Àlàájì Dáúdà Adégbénró: Pírẹ́míà Tó Jàre Lẹ́jọ́ Tí Kò Rí Àga Jókòó

Ẹni tó bá dúró ní oríta Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà Èkó, ti Bìní, ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti pàdé, kì í pẹ́ kí ó tó gbọ́ ìròyìn Àkúrẹ́. Nígbà tí Gómìnà Lucky Aiyedatiwa tú ìgbìmọ̀ ìjọba rẹ̀ ká ní oṣù Kìíní 2024, tó sì tún tú òmíràn ká ní oṣù Kìíní 2025, ìbéèrè tí a máa ń bi ara wa náà ló tún jáde: ta ni wọn yóò mú láti Odígbó? Àwa Mùsùlùmí a sì fi tiwa lé e pé, àwa mélòó ni yóò wà nínú wọn?

Ìbéèrè yìí kò burú rárá. Ṣùgbọ́n ó mú wa rántí ọkùnrin kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ Pírẹ́míà ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Àlàájì Dáúdà Ṣóróyè Adégbénró sí ní 1909. Ẹgbẹ́ Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló bá wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, nígbà tó sì yá, ó di mínísítà ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Kò tíì sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà. Láti Abẹ́òkúta títí dé Asaba, abẹ́ ìjọba kan ṣoṣo ni gbogbo wa wà, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kánsù tó wà ní ìhà Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó, ọ́fíìsì Àlàájì yìí ní Ìbàdàn ló ń lọ.

Ní 1957, àwọn Mùsùlùmí kan dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn sílẹ̀, National Muslim League, nítorí wọ́n ní ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò ka àwa ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù sí tó bó ti yẹ. Àlàájì Adégbénró kò bá wọn lọ. Inú Action Group tí ó wà ló dúró sí. Àwọn kan bínú sí i nígbà náà. Ní tiwa o, a rò pé ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá kò jẹ́ kí á lè dá a lẹ́bi.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí ni ìjà wọ inú Action Group. Awólọ́wọ̀ ti lọ sí Ilé Aṣòfin ní Èkó, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ló sì wà lórí àga Pírẹ́míà ní Ìbàdàn. Ìpàdé tí ẹgbẹ́ náà ṣe ní Jos ní oṣù Kejì 1962 ló tú ohun tó wà nínú ìkòkò síta. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ẹgbẹ́ ní kí Akíntọ́lá fi ipò sílẹ̀, ó ní òun kò lọ, ó sì bẹ Gómìnà pé kí ó tú Ilé Aṣòfin ká kí wọ́n tún ìbò dì. Gómìnà nígbà náà ni Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀. Kábíyèsí kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Òfin ìgbà náà kò rí bíi ti ìsinsìnyí. Pírẹ́míà àti àwọn mínísítà rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ilé Aṣòfin. Ẹni tí àwọn aṣòfin tó pọ̀ jù bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ni Pírẹ́míà, bí òun bá sì ṣubú, gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ̀ bá a ṣubú. Òfin fún Gómìnà láyè láti yọ ọ́ bí ó bá hàn sí Gómìnà pé àwọn tó pọ̀ jù kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe hàn? Ṣé inú Ilé Aṣòfin ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti kà á, àbí ìwé lásán tó?

Aṣòfin 66 nínú 124 ló fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Kábíyèsí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1962, Ọọ̀ni yọ Akíntọ́lá, ó sì fi Àlàájì Adégbénró jẹ Pírẹ́míà. Ọdún Iléyá ò tíì kọjá ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Akíntọ́lá gba ilé-ẹjọ́ lọ, ìjọba àpapọ̀ sì ní àwọn kò tíì mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì sí Pírẹ́míà.

Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, Ilé pàdé láti dìbò pé àwọn fara mọ́ ìjọba Adégbénró. Wọn kò rí ìbò náà dì. Aṣòfin kan fò sókè tó ń pariwo iná, àga bẹ̀rẹ̀ sí í fò, wọ́n gbá ọ̀pá àṣẹ mú, àwọn ọlọ́pàá sì yin tajútajú sí wọn. Wọ́n tún jókòó, ó tún dàrú. Ní ọjọ́ 29, Ilé Aṣòfin àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó fún oṣù mẹ́fà. Báyìí ni ìjọba Àlàájì ṣe parí láì tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá.

Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Èkó dá ẹjọ́ ní oṣù Keje pé ìwé kò tó, inú Ilé ni wọ́n ti ń ka orí. Àlàájì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1963, àwọn adájọ́ ibẹ̀ ní òun ló jàre, pé Gómìnà lágbára láti ṣe ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n Akíntọ́lá ti padà sórí àga láti ọjọ́ kìíní ọdún náà, ó sì ti kó àwọn NCNC mọ́ra, tí Rẹ̀mí Fani-Kayode, tó ti jẹ́ olórí àwọn alátakò, di igbákejì rẹ̀. Kíákíá ni wọ́n tún òfin ṣe, wọ́n sì mú un padà sẹ́yìn dé 1960, bí ẹni pé òfin tí Àlàájì fi jàre kò fìgbà kan wà rí. Nígbà tí orílẹ̀-èdè di ti olómìnira aláààrẹ ní oṣù Kẹwàá, ẹjọ́ gbígbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tán pátápátá.

Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, nítorí náà Àlàájì ló gba ìtọ́jú ẹgbẹ́. Agbègbè Bìní àti Asaba ti kúrò lára wa, aṣòfin sì ku 94. Ní ìbò ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1965, ìjọba kéde pé Akíntọ́lá ló wọlé. Àlàájì ní irọ́ ni, ó kéde èsì tiwọn, ó sì ní òun dá ìjọba sílẹ̀, ìgbà kejì nìyẹn. Ọlọ́pàá wá mú un. Wẹ́tìẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, ilé jó, ènìyàn kú, títí tí àwọn ológun fi gbàjọba ní oṣù Kìíní 1966, tí wọ́n sì pa Akíntọ́lá.

Àlàájì Adégbénró kú ní 1975. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀.

Lónìí, Gómìnà kò nílò ìwé ẹnikẹ́ni kí ó tó tú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ká, kọmíṣọ́nnà kì í sì í ṣe ọmọ Ilé Aṣòfin mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ yan tuntun, orúkọ wọn gbọ́dọ̀ dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ ní Àkúrẹ́ fún ìfọwọ́sí. Bí ọjọ́ iṣẹ́ 21 bá kọjá tí Ilé kò fèsì, òfin kà á sí pé wọ́n ti gbà. Aṣojú méjì ni Odígbó ní níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí ẹni tí wọ́n mú, tàbí lórí ẹni tí wọn kò mú, àwọn ni kí ó lọ bá kí ọjọ́ 21 náà tó pé.