Thomas Dorsey: Orin Tí Ó Ti Inú Ọ̀fọ̀ Jáde

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1899 ni a bí Thomas Andrew Dorsey ní Villa Rica, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni baba rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a sì máa tẹ dùùrù nínú ìsìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dàgbà, òde ayé ni ó bá lọ. Ní ìlú Chicago, ó di gbajúmọ̀ nídìí blues, orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ náà fi ń sọ ìbànújẹ́ ọkàn wọn. Ó tẹ dùùrù fún Ma Rainey, àwo tí òun àti Tampa Red sì ṣe ní 1928 tà púpọ̀púpọ̀.

Àárín ìgbà náà ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn líle dá a wó. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó gbájú mọ́ kíkọ orin ìhìnrere, ó sì ń kiri ìwé orin rẹ̀ láti ìjọ dé ìjọ. Ọ̀pọ̀ ìjọ kò gbà á, nítorí ohùn ilé ọtí ni wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1932, ó wà ní ìpàdé ìsọjí ní St. Louis nígbà tí wáyà dé pé Nettie, aya rẹ̀, ti kú lórí ìkúnlẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọ tuntun náà fi tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Dorsey bínú sí Ọlọ́run. Ó rò ó láti pa orin ìhìnrere tì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó jókòó sídìí dùùrù, ó tún ohùn orin ìsìn àtijọ́ kan ṣe, ó sì fi bẹ Olúwa pé kí Ó di òun lọ́wọ́ mú. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní Take My Hand, Precious Lord, èyí tí Mahalia Jackson kọ níbi ìsìnkú Martin Luther King ní 1968.

Dorsey darí àwọn akọrin ìjọ Pilgrim Baptist ní Chicago fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1993.

Ẹ̀yin ará, ohùn ẹkún tí àwọn ìjọ kọ̀ ni Ọlọ́run lò láti tu àìmọye ọlọ́fọ̀ nínú. Nígbà tí ọlọ́fọ̀ bá gbé ìráhùn rẹ̀ wá sílé Ọlọ́run, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Àdúrà ni òun náà.