John Pounds, Aránbàtà Tí Ó Di Olùkọ́

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ha ń rò pé àìní kò jẹ́ kí o lè ṣe oore bí? Ronú nípa ọkùnrin yìí.

Ní ọdún 1766 ni a bí John Pounds ní ìlú Portsmouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn, ó ṣubú sínú kòtò tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ó sì di arọ. Kò tìtorí èyí ṣagbe. Iṣẹ́ bàtà ni ó kọ́.

Ó gba ọmọ ìbátan rẹ̀ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gún tọ́, ó sì ń kọ́ ọ ní ìwé. Kí ọmọ náà lè ní ẹgbẹ́, ó pe ọmọ aládùúgbò mọ́ ọn. Báyìí ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ alákìísà ni ó ń wá kiri ìgboro, a sì máa fi pòtétò gbígbóná fà wọ́n wá. Nígbà mìíràn, nǹkan bí 40 ọmọ a há sínú ṣọ́ọ̀bù kékeré náà. Bí ó ti ń rán bàtà ni ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ìṣirò, oúnjẹ sísè àti bàtà títúnṣe.

Ó kú ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1839. Lẹ́yìn náà, Thomas Guthrie rí àwòrán rẹ̀, ó sì dá irú ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Edinburgh ní 1847.

Ìwọ ńkọ́? Kí ni o mọ̀ ọ́n ṣe tí o lè fi kọ́ ọmọ aládùúgbò rẹ?