Ta ni Alfred Saker, míṣọ́nárì tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé iṣẹ́ ọwọ́ ló gbájú mọ́ ní Douala?

Ẹni tó bá gba ojú omi wọ Douala lónìí, kíréènì àti kọ̀ǹténà ni yóò kọ́kọ́ rí. Èbúté yìí, tí iléeṣẹ́ Port autonome de Douala ń mójú tó, ni ọ̀pọ̀ ọjà tó ń wọ Kamẹrúùn àti èyí tó ń jáde níbẹ̀ ń gbà kọjá. Ibẹ̀ náà ni Chad àti Central African Republic, tí wọn kò ní etíkun, ti ń gba ọjà tiwọn.

Ẹnu odò Wouri ni èbúté náà wà. Edé tí àwọn Potogí rí rẹpẹtẹ nínú odò náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní èdè wọn, láti inú orúkọ yẹn sì ni Kamẹrúùn ti jáde.

Etí odò yìí kan náà ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Alfred Saker, àti Helen ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí ní ọdún 1845. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe tẹ́lẹ̀?

Ọdún 1814 ni wọ́n bí Saker ní agbègbè Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣiṣẹ́ ní Devonport, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi fún ìjọba, kí òun àti Helen Jessup tó ṣègbéyàwó ní ọdún 1840.

Nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á síṣẹ́, ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ní ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á. Igbákejì ẹnjiníà ni wọ́n fi í ṣe, fún ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ máa lò ní etíkun Áfíríkà. Oṣù Kejì ọdún 1844 ni tọkọtaya náà gúnlẹ̀ sí erékùsù Fernando Po, tó ti di ara Equatorial Guinea báyìí.

Àmọ́ kì í ṣe àwọn ló kọ́kọ́ dé. Joseph Merrick, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, ti ń bá àwọn ọba Douala sọ̀rọ̀ ṣáájú wọn. Òun ló dá ibùdó sílẹ̀ ní Bimbia, tó sì ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Isubu kó tó kú ní ọdún 1849.

Kí ni ìdílé náà ṣe fún àwọn ará ìlú?

Owó kò wọ́n àwọn ọba àti alágbàtà Douala nígbà yẹn, nítorí òwò epo pupa àti eyín erin. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú àti mẹ̀kúnnù kò rí jájẹ nínú rẹ̀.

Saker kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe bíríkì, bí wọ́n ṣe ń la pákó àti bí wọ́n ṣe ń kọ́lé. Helen ń kọ́ àwọn obìnrin àti ọmọdé. Horton Johnson, ọmọ Áfíríkà tó bá wọn wá láti Fernando Po, jẹ́ òpómúléró nínú ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1849.

Saker tún jókòó ti èdè Duala. Májẹ̀mú Tuntun parí ní ọdún 1862, odindi Bíbélì sì jáde ní ọdún 1872. Ọdún 12 lẹ́yìn náà ni odindi Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí tó jáde.

Ní ọdún 1858, ìjọba Spéènì fòfin de ìjọ àwọn Onítẹ̀bọmi ní Fernando Po. Saker ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba Bimbia, ó sì kó àwọn onígbàgbọ́ tó fẹ́ kúrò ní erékùsù náà lọ síbẹ̀. Ìlú Victoria ni wọ́n dá sílẹ̀, òun là ń pè ní Limbe lónìí.

Kí ló ná wọn?

Yorùbá ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kò pẹ́ tí tọkọtaya náà dé Áfíríkà ni ọmọbìnrin wọn kékeré kú. Ibà kò sì fi àwọn fúnra wọn lọ́rùn sílẹ̀. Síbẹ̀, ọmọbìnrin wọn mìíràn, Emily, dàgbà, ó bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Kamẹrúùn, ó sì kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ọdún 1908.

Ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kàn án?

Àwọn míṣọ́nárì ẹgbẹ́ rẹ̀ kan fẹ̀sùn kàn án pé owó ìwàásù ló ń ná sórí ilé àti iṣẹ́ ọwọ́, àti pé kì í gba ìmọ̀ràn. Olórí ni Saker lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó rọrùn láti bá ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà le débi pé akọ̀wé àjọ náà, Edward Underhill, wá wádìí rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọdún 1869. Ìwádìí náà kò lé Saker kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Underhill gan-an tún kọ ìwé nípa rẹ̀ lẹ́yìn tó kú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀?

Saker padà sílé ní ọdún 1876, ó sì kú ní oṣù Kẹta ọdún 1880. Ní ọdún 1884, Jámánì gba Kamẹrúùn. Àwọn Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá fa iṣẹ́ wọn lé àwọn míṣọ́nárì Basel lọ́wọ́.

Ibí yìí ni èsì ẹ̀sùn náà ti hàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ní Douala kọ̀ láti gba ìlànà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n dá dúró, pásítọ̀ tiwọn, Joshua Dibundu, sì ń ṣáájú wọn. Wọ́n ní Bíbélì lédè wọn, wọ́n mọ̀wé kà, wọ́n sì ní ọwọ́ tó lè kọ́lé. Kò sí òyìnbó tí wọ́n ní láti dúró dè.

Orúkọ Saker ṣì wà lára iléèwé ní Douala àti ní Limbe.