Sir James Hall, Ẹni tí ó fi Aṣọ Wádìí Òkúta

Ẹ̀nyin ará Ìsẹ́yìn, tí òfì híhun jẹ́ iṣẹ́ àwọn baba yín, a rò pé ó yẹ kí ẹ mọ ọkùnrin yìí. Dunglass, ní ilẹ̀ Scotland, ni a gbé bí i li ọdún 1761. Li ọdún 1788 òun àti James Hutton, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ àgbà, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Siccar Point, nwọ́n sì rí ìpele òkúta tí ó dúró ṣánṣán lábẹ́ èyí tí ó dùbúlẹ̀. Hall fẹ́ fi iná yọ́ òkúta láti fi ìdí ẹ̀kọ́ Hutton múlẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà náà kò fẹ́ kí a fi iná kékeré díwọ̀n iná inú ilẹ̀. Hall bọ̀wọ̀ fún un. Ó dá èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà dúró títí Hutton fi kú li ọdún 1797. Mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀?

Li ọdún 1812 ni ó ròyìn ìdánwò aṣọ rẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé Edinburgh. Ó to aṣọ lé ara wọn, ó gbé ilẹ̀kùn lé e, ó sì fi pákó tì í láti ìhà méjèèjì. Aṣọ náà ká, gẹ́gẹ́ bí òkúta etíkun ti ká. Òkúta tí ó gbóná nísàlẹ̀ jíjìn a máa ká bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó tutù tí ó sì le a sán bí igbá, apá kan a yẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Irú yíyẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó mi ilẹ̀ Accra li ọdún 1939, tí ilé wó, tí ènìyàn sì kú. Ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ẹ wo ìlà funfun àti dúdú tí ó ká lára àwọn òkúta kan. Kíká ni ìyẹn.

Edinburgh ni Hall kú sí li ọdún 1832.